Ègé Pákó Tí Mo Fi Há Ayùn Mi Lẹ́nu

Bí ẹ bá wo ọwọ́ òsì mi, ẹ ó rí i pé orí ìka ìfábẹ̀là ti lọ títí dé ìdí èékánná. Ti àárín ṣì wà, ṣùgbọ́n kò ká mọ́. Káfíńtà ni mí. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo ti gba frídọ̀mù, ó sì ti lé lógún ọdún tí mo ti ń kan òrùlé àti wọ́dúróòbù nínú ìlú yìí. Ayùn oníná, èyí tí a ń fi ọwọ́ gbé kiri, ló gé mi. Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an láì fi ibì kankan pamọ́, nítorí bí mo bá gba Under-G tàbí Adẹ́nìkẹ́ kọjá, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH, mo máa ń rí àwọn ọ̀dọ́ káfíńtà tó ń ṣe ohun tí mo ṣe. Àyà mi á sì já.

Ayùn ọlọ́wọ́ ni ọ̀gá mi fi kọ́ mi. Oṣù kan gbáko ló fi kọ́ mi bí a ṣe ń pọ́n eyín rẹ̀, kó tó jẹ́ kí n fi kan igi oníbàárà. Nígbà tí mo wá ra ayùn oníná, tòkunbọ̀ ni. Bíléèdì rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 7¼, mọ́tò rẹ̀ jẹ́ wáàtì 1,400. Kò ní ìwé ìlò, mi ò sì béèrè. Mo kì í bọ iná, mo tẹ̀ ẹ́, ó ké, mo bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Irin tí kò lè dá rìn gba oṣù kan lọ́wọ́ mi. Èyí tó ń dá yí, mi ò fún un ní wákàtí kan.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìbòrí méjì ló wà lára ayùn yìí. Ti òkè kì í mì. Ti ìsàlẹ̀ ni iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, sípíríǹgì ló sì ń fà á. Bí ayùn bá ti ń wọ igi, igi á tì í sẹ́yìn, eyín á jáde. Bó bá ti kúrò lára igi, ìbòrí á padà kíá, á bo eyín náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bíléèdì ṣì ń yí lọ́wọ́. Àkọ̀ ni. Bí idà ṣe ní àkọ̀ ni ayùn yìí náà ṣe ní tirẹ̀.

Àkọ̀ yìí a máa yọni lẹ́nu. Oje igi àti lẹ́búlẹ́bú pákó á dì sí i nínú, á wá máa lọ tìkọ̀tìkọ̀. Bí èèyàn bá fẹ́ ré igi tẹ́ẹ́rẹ́, tàbí tó fẹ́ gé e ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á kọ́ etí pákó, kò ní í jẹ́ kí ayùn wọlé. Wọ́n ṣe ọwọ́ kékeré kan sí i lára tí èèyàn lè fi gbé e sókè díẹ̀ títí ayùn á fi wọ igi, kó sì fi í sílẹ̀. Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó sú mi. Mo mú ègé pákó kan nílẹ̀, kò gùn ju ìka lọ, mo fi há a, ìbòrí dúró sókè, kò padà wálẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ wá ń yá.

Ó lé lọ́dún kan tí mo fi ń lò ó bẹ́ẹ̀ tí nǹkan kan kò ṣe mí. Ibẹ̀ ló ti tàn mí. Ká ní ó ya mí lára lọ́jọ́ kejì ni, ǹ bá ti yọ ọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi sì ń wò mí. Mi ò fi ẹnu kọ́ ọ. Lọ́jọ́ kan ni ègé pákó náà sọnù, mo ń wá a kiri nílẹ̀, ni ọmọ náà bá mú òmíràn jáde lápò. Ó ti gbẹ́ ẹ fúnra rẹ̀, ó ti fi sáńpépà ha á títí ó fi ń dán.

“Ọ̀gá, mo ti ṣe òmíràn sílẹ̀ fún yín.”

Mo ní ó káre. Nínú gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, “o káre” tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn ló ń dùn mí jù, ó dùn mí ju ìka lọ.

Àsìkò ọyẹ́ ni ọjọ́ náà bọ́ sí. Ilé akẹ́kọ̀ọ́ kan lápá Under-G ni a ń kan òrùlé rẹ̀. Onílé fẹ́ gba owó ilé kí wọ́n tó wọlé ẹ̀kọ́, ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wa sì ń pè láàárọ̀, ó ń pè lọ́sàn-án: “Ṣé ẹ ti ń parí?” Kò sí iná NEPA. Jẹnẹrétọ̀ wa wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe, a bá yá kékeré kan tí wọ́n fi ń tan tẹlifísàn àti fáànù. Agbára rẹ̀ kò tó ohun tí ayùn mi ń fẹ́. A tún wá fi ẹsitẹ́ńṣọ̀n gígùn tí wáyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ fa iná náà. Dípò kí ayùn máa ké geerege, ó ń kùn bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe.

Igi àfàrá ni, 2 by 6, ẹsẹ̀ bàtà 12, tí a fẹ́ gé sí méjì. Àárọ̀ ọjọ́ náà ló dé láti sọ́míìlì, omi ṣì wà lára rẹ̀. Mo gbé orí rẹ̀ kan lé búlọ́ọ̀kù, mo gbé orí kejì lé búlọ́ọ̀kù, mo fẹ́ gé e láàárín.

Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀. Pákó tí ẹ gbé lé nǹkan lórí méjèèjì, tí ẹ wá ń gé láàárín, bí ẹ ti ń gé e ló ń tẹ̀ sísàlẹ̀. Bó ṣe ń tẹ̀ ni ẹnu ibi tí ẹ gé ń pa dé lókè, títí á fi gé bíléèdì mú bí eyín ṣe ń gé ahọ́n. Bíléèdì kò ní í lè yí mọ́, mọ́tò kò sì ní í yéé tì í. Agbára yẹn gbọ́dọ̀ gba ibì kan jáde. Láti ìsàlẹ̀ sókè ni eyín tó wà níwájú bíléèdì ń gé igi, nítorí náà bó bá há, gbogbo ẹ̀rọ náà ni yóò fò sókè, tí yóò sì sáré padà sẹ́yìn, sọ́dọ̀ ẹni tó dì í mú. Ọ̀nà tó gbà wọ igi náà ló máa gbà padà. Igi tútù tún burú jù. Bí ẹ bá ń là á lóòró, okun inú rẹ̀ á máa fà, ẹnu gígé á pa dé fúnra rẹ̀ bí kò tilẹ̀ tẹ̀. Bíléèdì tó kú, tàbí iná tí kò lágbára, á jẹ́ kó tètè há. Gbogbo rẹ̀ ló pé sí ọwọ́ mi lọ́jọ́ náà.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn ayùn gan-an. Ọwọ́ ọ̀tún mi nìkan ló dì í mú. Òsì wà lórí pákó, lẹ́yìn ayùn, torí pé pákó ń gbọ̀n. Ègé pákó náà wà níbi tó máa ń wà. Mo gé e kọjá ìdajì, ohùn ayùn yí padà, ó wúwo. Mo gbọ́ ọ. Ó yẹ kí n jáwọ́ lára súwíìṣì nígbà náà, kí n jẹ́ kí bíléèdì dúró pátápátá nínú igi kí n tó yọ ọ́. Ṣe ni mo tì í.

Gbì! Mi ò rí i nígbà tó ń bọ̀. Irú bíléèdì yẹn a máa yí tó ìgbà 5,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ju ìgbà 80 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó tilẹ̀ falẹ̀ lọ́jọ́ náà nítorí iná, kí ọkàn mi tó sọ fún ọwọ́ pé sá, ó ti kúrò nínú pákó, ó ti gun ọwọ́ mi kọjá. Kò sí àkọ̀ tó máa bò ó. Èmi ni mo há a sókè.

Kò dùn mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó dà bí ẹni pé wọ́n fi òòlù lu ọwọ́ mi. Mo wò ó, mo rí funfun, lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ bo funfun yẹn, lẹ́búlẹ́bú tó wà nílẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún, ó ń dúdú lọ. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé ta ni yóò parí òrùlé yìí.

Ọmọ iṣẹ́ mi figbe ta. Bíríkìlà kan ti gbé gálọ́ọ̀nù bẹntiróòlù, ó ń bọ̀ wá dà á sí i. Ìyá alámàlà tó gbé oúnjẹ wá fún wa ló dá a dúró. “Ẹ má dà á sí i lára o!” Ó tú gèlè orí rẹ̀, ó ká a, ó fi tẹ ọwọ́ mi gírígírí. “Ọmọ mi, na ọwọ́ rẹ sókè. Má sọ ọ́ kalẹ̀.” Nínú kẹ̀kẹ́ márúwá, títí a fi dé ọsibítù, òun ló di ọwọ́ mi mú lókè. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ la gèlè já, kò tú u, ìborùn rẹ̀ ló tún fi lé e. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi lẹ́yìn náà pé bó ṣe yẹ kí a ṣe é gẹ́lẹ́ nìyẹn: aṣọ mímọ́, kí a tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́, kí a gbé e ga ju àyà lọ, kí a má máa ṣí i wò. Bẹntiróòlù, kẹrosíìnì, omi bátìrì, gbogbo ohun tí a máa ń dà sí ọgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹran ara ni wọ́n ń jó.

Nọ́ọ̀sì náà tún béèrè ọ̀rọ̀ kan tí kò sí lọ́kàn ẹnikẹ́ni nínú wa. “Orí ìka yìí ńkọ́?” A ti fi í sílẹ̀ sínú lẹ́búlẹ́bú. Ọmọ iṣẹ́ mi gun ọ̀kadà padà, ó wá a títí ó fi rí i, ó ra yìnyín, ó sì ju ìka náà sáàárín yìnyín bẹ́ẹ̀. Ó ṣe bí ọgbọ́n rẹ̀ ṣe mọ. Nígbà tó máa fi dé, wọ́n ní ó ti kéré jù, àkókò ti lọ, yìnyín sì ti ba ẹran rẹ̀ jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí. Bí ìka bá já, ẹ wá a kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tí ẹ fi omi tó mọ́ rin díẹ̀ wé e, ẹ kó o sínú nylon tó mọ́, ẹ di ẹnu rẹ̀ pinpin, kí ẹ wá gbé nylon náà sínú omi àti yìnyín. Yìnyín kò gbọdọ̀ kan ẹran náà fúnra rẹ̀.

Wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì, wọ́n rán ọwọ́. Iṣan ìka àárín ti já, wọ́n so ó, ṣùgbọ́n ó dì.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi jókòó. Èlùbọ́ tí ìyàwó mi ń tà ni a jẹ. Òun ló ń bá mi de bọ́tìnnì ẹ̀wù. Bí aládùúgbò bá fa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lálẹ́, ọwọ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, òógùn á sì bò mí. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láàárín àwa oníṣẹ́ ọwọ́, a kì í sọ pé ẹ̀rù ń bà wá, a máa ń fi àpá hanra wa bí ẹni fi ìlà ojú hàn. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo ń sọ ọ́ kí ẹni tó wà nínú irú rẹ̀ lè mọ̀ pé kì í ṣe òun nìkan.

Nínú ọjọ́ wọ̀nyẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka nípa ayùn yìí lórí foonù. Mo kà pé ọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Edmond Michel, rí àwọn tó ń fi àdá gé ìrèké ní Louisiana, ó sì ro ó pé òun lè so mọ́tò àti ayùn kékeré mọ́ àdá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1920 nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Àdá tó ń dá yí ni mo ń gbé kiri, àkọ̀ rẹ̀ ni mo sì ń bá jà. Àwọn àgbà ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́.

Lọ́jọ́ tí mo tún fọwọ́ kan ayùn, mi ò tàn án. Mo yọ púlọ́ọ̀gì, mo gbé e síbi tí ojú mi ti tó o. Mo tú bíléèdì. Mo fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ ha oje igi tó ti gan mọ́ inú ìbòrí, ó dúdú, ó le bí ọ̀dà. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti kẹrosíìnì díẹ̀ fọ̀ ọ́, mo nù ún gbẹ. Mo gbé ìbòrí sókè, mo jáwọ́.

Pá! Ó padà wálẹ̀.

Kò gbà ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Mo jókòó sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún. Ohun tó ń fẹ́ lọ́wọ́ mi fún ọdún kan àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nìyẹn.

Láti ìgbà náà, mi ò gé pákó láàárín ìtìlẹ́yìn méjì mọ́. Apá tó máa já dànù máa ń yọ síta gbangba kó lè ráyè jábọ́, apá tó kù ni kíláǹpù máa ń dì mọ́ bẹ́ńṣì. Bó bá jẹ́ pílaìwúùdù ńlá, mo máa ń to igi tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin sábẹ́ rẹ̀, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì ojú ìlà, kí ìhà méjèèjì má lè tẹ̀. Bí mo bá ń la igi tútù lóòró, tí mo bá ti rìn díẹ̀, mo máa ń pa ayùn, mà á ki ègé igi bọ ẹnu ibi tí mo ti là kó má lè pa dé, kí n tó máa bá a lọ. Kíláǹpù ló ń di igi mú, nítorí náà ọwọ́ mi méjèèjì á wà lára ayùn. Mo máa ń dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀ tààrà.

Bí bíléèdì ṣe máa jìn tó ni èyí tí mo rò pé ó kéré jù, tó sì wá jọ mí lójú jù. Tẹ́lẹ̀, bó ṣe jìn jù ni mo máa ń fi í sílẹ̀, ìbáà jẹ́ pákó íǹṣì kan. Ní báyìí, kó tó gé, mo máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi láìsí iná, mà á tú ibi tí wọ́n ti ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, mà á sì jẹ́ kí eyín yọ lábẹ́ igi ní ìwọ̀n ìdá kan nínú mẹ́rin íǹṣì, kó má jù bẹ́ẹ̀. Eyín tí kò yọ kò lè gé ohunkóhun lábẹ́, ó sì tún ṣòro fún un láti há.

Ọ̀rọ̀ iná NEPA ńkọ́? Ayùn wa ní bọ́tìnnì kan tí èèyàn lè fi ti súwíìṣì mọ́ ibi tó tẹ̀ ẹ́ sí, kí ayùn máa ṣiṣẹ́ lọ bí ó tilẹ̀ jáwọ́. Lọ́jọ́ kan iná lọ nígbà tí ọmọ iṣẹ́ mi ń gégi, ó gbé ayùn sórí bẹ́ńṣì, ó lọ mumi, bọ́tìnnì sì ṣì wà ní títì. Iná dé. Ayùn bú, ó yọ̀ lórí bẹ́ńṣì, ó já bọ́ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ìbòrí ti bo eyín rẹ̀, ó kàn ń fò nílẹ̀ bí ẹja títí mo fi fa púlọ́ọ̀gì. Ká ní ègé pákó wà níbẹ̀ ni, eyín ni ì bá fi rìn. Látìgbà náà, bí iná bá lọ, púlọ́ọ̀gì la kọ́kọ́ ń fà yọ, kí a tó sọ pé “wọ́n tún ti mú un lọ.” A ti yọ bọ́tìnnì náà kúrò nínú lílò wa.

Àwọn ìyókù kò pọ̀. Pákó tí wọ́n ti fi ṣe dẹ́kìn, ẹ fọwọ́ àti ojú wá ìṣó inú rẹ̀ kí ẹ tó gé e. Bíléèdì eyín 24 dára fún igi òrùlé, èyí tó ní 60 ló yẹ pílaìwúùdù. Bí igi bá ń rùn bí ohun tó jóná, ẹ pọ́n bíléèdì tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀wù alápá gbàgẹ̀rẹ̀ àti ìbọ̀wọ́ tó fẹ̀ kò bá a lọ, bíléèdì lè fà wọ́n. Ẹ wọ awò tó bo ojú. Ẹ bo imú bí ẹ bá ń gé ìrókò, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ a máa ta ojú àti imú, a sì máa fa ikọ́. Ẹ bo etí pẹ̀lú.

Ọ̀kan wà tí mo ń bẹ̀bẹ̀ lé lórí. Mo ń rí àwọn tó ń fi bíléèdì ayùn sí ẹ̀rọ ìlọrin kékeré, èyí tí wọ́n fi ń gé irin. Ẹ̀rọ yẹn a máa yí tó ìgbà 11,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, kò sì ní àkọ̀ tó ń padà wálẹ̀ rárá. Ohun tí mo fi ègé pákó sọ ayùn mi dà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é láti ilé wá, pẹ̀lú ìyára tó ju ìlọ́po méjì lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́.

Mo sì fẹ́ kí àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fúnni náà gbọ́. Ẹni tó ń pè lọ́jọ́ náà kò mọ̀ pé òun ń tì mí, bẹ́ẹ̀ ló ń tì mí. Ní báyìí, bí mo bá wà nídìí ayùn, foonù mi wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọmọ iṣẹ́ mi ti gba frídọ̀mù, Ìlọrin ló ń gbé. Kó tó lọ ni mo pè é jókòó, mo ní “o káre” tí mo sọ fún un nígbà náà, mo gbà á padà. Ó dọ̀bálẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Lóṣù tó kọjá ó pè mí lọ́sàn-án gangan. Mo gbọ́ ariwo èèyàn lẹ́yìn rẹ̀, iṣẹ́ ń lé e.

“Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbòrí ayùn yìí ló ń lọ tìkọ̀tìkọ̀. Kí lẹ fi fọ tiyín?”

Mo ní kó kọ́kọ́ yọ púlọ́ọ̀gì. Ó ní ó ti wà lọ́wọ́ òun. Mo sọ ìyókù fún un. Ó tó ìdajì wákàtí kó tó tún pè, kò kí mi, ó kàn ní, “Ẹ gbọ́ ọ, sà,” ó sì gbé foonù sún mọ́ ọn.

Pá!